Láti Inú Àárò Bọ́ Sínú Àfẹ́rí: Àgbéyẹ̀wò Fídíò Orin Àtijọ́ Lórí Amóhùnmáwòrán ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Òwe yìí ni àwọn àgbà máa ń fi gbe ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọ bí àwọn olórin ìgbà kan ṣe ń ṣeré lórí amóhùnmáwòrán. Wọn a sọ nípa ijó, wọn a sọ nípa aṣọ, wọn a sọ nípa bí onígángan ṣe ń dojú ìlù kọ olórin tí àwọn méjèèjì yóò sì jọ máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣàlàyé tó, wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu kò ká a. Orin náà kò sọnù. Àwo rẹ̀ ṣì wà, àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò sì ń lò ó. Àwòrán tó bá orin náà rìn ni kò sí ní àrọ́wọ́tó mọ́, àárò àwòrán yìí ló sì ń sọ wọ́n.

Ó rọrùn láti ka irú àárò bẹ́ẹ̀ sí ọ̀rọ̀ arúgbó lásán. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orin Yorùbá kì í ṣe ọ̀rọ̀ àti ohùn nìkan, ìṣeré ni. Èyí tí etí gbọ́ nínú ìṣeré náà ni àwo orin gbà sílẹ̀. Èyí tí ojú rí, amóhùnmáwòrán ló gbé e. Nítorí náà, bí fídíò orin àtijọ́ bá parun, apá kan lítíréṣọ̀ alohùn Yorùbá ló parun, olùkọ́ èdè Yorùbá sì ni ọ̀rọ̀ náà kàn gbọ̀ngbọ̀n.

Àárò àti Àfẹ́rí

Ní ọdún 1688, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan tó ń jẹ́ Johannes Hofer, ní ìlú Basel ní ilẹ̀ Switzerland, kọ ìwé lórí àìsàn kan tó sọ pé ó máa ń kọlu àwọn tó bá jìnnà sí ilé, títí kan àwọn ọmọ ogun. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì ni ó so pọ̀ láti fún àìsàn náà lórúkọ: ọ̀kan túmọ̀ sí ìpadàsílé, èkejì túmọ̀ sí ìrora. Lójú Hofer, ibi tí ènìyàn ti kúrò ni ó ń dùn ún. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn onímọ̀ kò kà á sí àìsàn mọ́, wọ́n sì gbà pé kì í ṣe ibì kan ni ọkàn ń fà sí bí kò ṣe ìgbà kan. Ènìyàn lè padà sí ilé; kò sí ẹni tó lè padà sí àná.

Èdè Yorùbá ní ọ̀nà tirẹ̀ láti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí. Nínú gbólóhùn ‘Àárò ń sọ Adé’, àárò ni olùwà, Adé ni àbọ̀. Adé kò ṣe ohunkóhun. Àárò ni ó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n nínú gbólóhùn ‘Adé ń ṣàfẹ́rí ìyá rẹ̀’, Adé ti di olùwà. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ à- pẹ̀lú ọ̀rọ̀-ìṣe fẹ́ àti rí ni wọ́n fi ṣẹ̀dá àfẹ́rí, ìyẹn ni pé ẹni tó ń ṣàfẹ́rí fẹ́ rí nǹkan, ó sì ń wá a. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ṣe pàtàkì. Ẹni tí àárò ń sọ lè jókòó kí ó máa kẹ́dùn. Ẹni tó ń ṣàfẹ́rí gbọ́dọ̀ dìde. Orí ìyàtọ̀ yìí ni gbogbo àlàyé tó kù nínú iṣẹ́ yìí dúró lé.

Bí Orin Ṣe Dé Orí Amóhùnmáwòrán

Ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ni ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Agodi, Ìbàdàn, lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà a máa fi pípe ara rẹ̀ ní àkọ́kọ́ ní Áfíríkà yangàn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ti nílò ohun tí yóò máa fi han àwọn òǹwòran, àwọn eléré tó wà nítòsí ló sì kọ́kọ́ dá a lóhùn. Dúró Ládiípọ̀ gbé eré rẹ̀ dé ibẹ̀. Moses Ọláìyá, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá, náà dé ibẹ̀. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ rántí pé olórin ni Moses Ọláìyá kí ó tó di aláwàdà, àti pé inú ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ ni Sunny Adé ti bá wọn ta gìtá kí ó tó dá tirẹ̀ sílẹ̀. Eré, àwàdà àti orin kò jìnnà sí ara wọn nígbà náà.

Ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ wọ̀nyí, kò sí ohun tó ń jẹ́ fídíò orin bí àwọn ọ̀dọ́ ti mọ̀ ọ́n lónìí. Àwọn olórin ni yóò kó ohun èlò wọn wá sí yàrá ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́, tí wọn yóò sì ṣeré lójú ẹ̀rọ ayàwòrán. Bí wọ́n ti ń lu ìlù ni àwọn ará ilé ń rí wọn. Bí ìlù bá sì dákẹ́, eré parí nìyẹn. Ní ọdún 1977, ìjọba àpapọ̀ kó àwọn ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán jọ sábẹ́ NTA. Láti ọdún 1980, àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dá tiwọn sílẹ̀, Èkó sì wà lára àwọn tó ṣáájú. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì fídíò dé ọwọ́ ará ìlú, àwọn olórin jùjú àti fújì ń ya eré wọn sí orí rẹ̀, yálà ní òde àríyá tàbí níbi tí wọ́n dìídì ṣètò: níwájú ilé ìtura, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ bọ̀gìnnì, nínú ọgbà òdòdó. Òfin kejìdínlógójì ọdún 1992 fún àwọn aládàáni láǹfààní láti dá ilé-iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ sílẹ̀, àyè sì tún gba orin sí i.

Ohun tí Ojú Rí tí Etí Kò Gbọ́

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó bá gbọ́ àwo orin Haruna Ìṣọ̀lá yóò gbọ́ ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀, yóò gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agídìgbo. Kò ní mọ̀ pé ìjókòó ni ọ̀gá àpàlà yìí máa ń wà lọ́pọ̀ ìgbà tó bá ń kọrin, tí àwọn onílù àti elégbè sì máa ń rọ̀gbà yí i ká. Ìjókòó yìí kì í ṣe ti ọ̀lẹ. Ìjókòó àgbà ni, ìjókòó ẹni tó ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ, tí kò sì fẹ́ kí ijó gba ojú mọ́ ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi èyí wé Sunny Adé, tó máa ń jó láàárín àwọn onígìtá àti onígángan rẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dá ìlù lóhùn, yóò rí i pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín àpàlà àti jùjú kò pin sí ohun èlò orin. Ọ̀nà tí olórin gbà ń gbé ara rẹ̀ kalẹ̀ níwájú àwùjọ yàtọ̀. Àwo kò lè sọ èyí. Àwòrán nìkan ló lè sọ ọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ìlù. Gángan ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ohùn ọ̀rọ̀ nìkan ni ó ń gbé jáde, kì í gbé kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì. Ìdí nìyẹn tí gbólóhùn ìlù kan fi lè ní ìtumọ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Lójú agbo, ìṣesí onílù ló ń yanjú rẹ̀: ẹni tó kọjú sí, àkókò tó lù ú, bí ẹni tó ń kì ṣe fi èjìká tàbí owó dá a lóhùn. Bí wọ́n bá yọ àwòrán kúrò, ọ̀rọ̀ ìlù náà di àlọ́ tí kò ní ìdáhùn.

Aṣọ náà jẹ́ ìwé tí ojú ń kà. Nínú fídíò àtijọ́, fífẹ̀ apá bùbá, gígùn ìró, bí wọ́n ṣe wé gèlè àti irú aṣọ òkè tí ẹgbẹ́ olórin wọ̀ máa ń fi ìgbà hàn. Agbára tí àwòrán ní lórí ọ̀rọ̀ lásán hàn gbangba nínú ìtàn Ó Le Kú, ìwé ìtàn àròsọ tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá tẹ̀ jáde ní ọdún 1974. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kà á kí Túndé Kèlání tó sọ ọ́ di fíìmù ní ọdún 1997. Fíìmù náà ni ó mú kí àwọn ọ̀dọ́bìnrin tún máa dá ìró kúkúrú àti bùbá tí wọ́n ń pè ní òlekú. Wọ́n ti gbọ́ nípa aṣọ náà. Ìgbà tí wọ́n rí i ni wọ́n tó rán an.

Fídíò orin a sì máa kọ́ni. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, Sunny Adé àti Onyeka Onwenu, tó di olóògbé ní ọdún 2024, jọ kọ orin méjì tí wọ́n pè ní Wait for Me àti Choices láti fi la àwọn ọ̀dọ́ lọ́yẹ̀ nípa sùúrù àti ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Ohun tí ẹlòmíràn ìbá fi ìwàásù sọ ni wọ́n fi orin àti ìṣesí ọkùnrin àti obìnrin gbé kalẹ̀. Olùkọ́ tó bá ń wá àpẹẹrẹ ìwúlò orin láwùjọ kò ní láti lọ jìnnà.

Àjọwò: Ìdí tí Àárò náà fi Jinlẹ̀

Bí ó bá jẹ́ àwòrán nìkan ni, ẹni tó rí fídíò àtijọ́ kan lórí fóònù rẹ̀ lónìí ìbá ti bọ́ lọ́wọ́ àárò. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló máa ń rí i tí wọ́n sì máa ń sọ pé kò dùn tó ti ìgbà yẹn. Ìdí kan pàtàkì ni pé ìwòran ìgbà náà jẹ́ àjọwò. Ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán kò pọ̀. Ilé ẹni tó bá ní in ni gbogbo àdúgbò yóò péjọ sí. Àwọn àgbà á wà lórí àga, àwọn ọmọdé á jókòó sílẹ̀, àwọn mìíràn á yọjú láti ojú fèrèsé. Bí àwòrán bá ń gbọ̀n, ẹnì kan á jáde lọ yí òpó eríà, àwọn tó wà nínú ilé á sì máa pariwo sí i bí ó bá ti dára tàbí tí kò dára. Bí NEPA bá mú iná lọ, ẹni tó bá ní bátìrì ọkọ̀ á so ó mọ́ ẹ̀rọ kékeré tí àwòrán rẹ̀ jẹ́ dúdú àti funfun.

Ìdúródeni tún wà níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán kì í ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ń bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè pàṣẹ pé orin báyìí ni òun fẹ́. Nígbà mìíràn, orin á kàn wọlé láàárín ètò méjì láti dí àlàfo kí ìròyìn agogo mẹ́sàn-án tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ènìyàn kò lè pè nígbà tó wù ú, bí ó bá dé, gbogbo ara ni yóò fi wò ó.

Èyí bá òye lítíréṣọ̀ alohùn mu. Kò sí ìṣeré láìsí òǹwòran, òǹwòran Yorùbá kì í sì í ṣe ẹni tó ń dákẹ́. Nínú yàrá àjọwò, ẹnì kan á túmọ̀ ohun tí ìlù sọ, ẹlòmíràn á ṣàlàyé ẹni tí olórin ń kì, ìyá kan á dìde jó, ọmọdé á sì kọ́ ẹsẹ̀ ijó náà lára rẹ̀. Ìmọ̀ ń ti orí àgbà bọ́ sí orí ọmọdé láìsí pátákó. Àárò ilé-ẹ̀kọ́ aláìlórúkọ yìí wà lára ohun tó ń sọ àwọn tó dàgbà síbẹ̀.

Igbá tí Wọ́n Fá

Òwe kan sọ pé bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tó ti fín sílẹ̀ kò lè parun. Lórí ọ̀rọ̀ amóhùnmáwòrán, òwe yìí kò ṣẹ. Ọdún 1956 ni ilé-iṣẹ́ Ampex ní Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rọ tó ń gba àwòrán sílẹ̀ sórí fọ́nrán jáde, owó rẹ̀ sì ga púpọ̀. Fọ́nrán náà pàápàá wọ́n, ṣùgbọ́n ó ní àǹfààní kan: wọ́n lè pa ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́ kí wọ́n sì tún un lò. Àǹfààní yìí ló di àkóbá. Ilé-iṣẹ́ tí owó kò bá ká lọ́wọ́ á mú fọ́nrán ètò oṣù tó kọjá, á sì gba ti oṣù yìí lé e lórí. Wọ́n fá igbá tí onírèsé ti fín kí wọ́n lè fín òmíràn sí i.

Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni èyí ti ṣẹlẹ̀. BBC ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ètò orin Top of the Pops ní ọdún 1964, púpọ̀ nínú ti àwọn ọdún àkọ́kọ́ ni wọ́n sì ti pa rẹ́. Bí ilé-iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ bá lè pàdánù tirẹ̀, kò yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé ti ìhín náà sọnù.

Èyí tó wà lórí kásẹ́ẹ̀tì VHS nínú ilé àwọn ènìyàn kò sì tíì bọ́ nínú ewu. Ooru, ọ̀rinrin àti èébu ń ba fọ́nrán jẹ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wò ó náà ń tán lọ: oṣù Keje ọdún 2016 ni Funai ti Japan, tó ṣẹ́kù nídìí ṣíṣe ẹ̀rọ náà, jáwọ́. Kásẹ́ẹ̀tì tí kò sí ẹ̀rọ tó lè kà á kò yàtọ̀ sí ìwé tí a kọ ní èdè tí kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ mọ́.

Àpẹẹrẹ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn wà nílẹ̀. Ní ọdún 1980 ni Àyìnlá Ọmọwúrà, gbajúgbajà olórin àpàlà, kú ní Abẹ́òkúta. Ní ọdún 2021, Túndé Kèlání gbé fíìmù Ayinla jáde nípa rẹ̀, Lateef Adedimeji sì ni ó ṣe ẹ̀dá ìtàn náà. Iṣẹ́ ńlá ni fíìmù náà ṣe, ó sọ orúkọ olórin náà di ọ̀tun. Ṣùgbọ́n fún ọ̀dọ́ tí kò rí Àyìnlá rí, ìrìn òṣèré ti di ìrìn Àyìnlá, ijó òṣèré ti di ijó rẹ̀. Bí àwòrán tòótọ́ kò bá sí ní àrọ́wọ́tó, àfarawé ni yóò jogún ipò rẹ̀.

Bí A Bá Ń Sunkún, A A Máa Ríran

Kò yẹ kí àárò sọ olùkọ́ di afọ́jú. Àárò a máa bù kún ohun tó ti lọ. Nínú ọ̀pọ̀ fídíò àtijọ́, kì í ṣe pé olórin ń kọrin lóòótọ́. Àwo ni wọ́n gbé sí i, olórin á sì máa fi ẹnu tẹ̀ lé e, tó bẹ́ẹ̀ tí onílù lè gbọ́wọ́ sókè kí ìlù ṣì máa dún. Irú fídíò bẹ́ẹ̀ kò lè jẹ́ ẹ̀rí tó péye nípa ìlù lílù. Bákan náà, wọ́n sábà máa ń fi obìnrin ṣe ọ̀ṣọ́ lásán, orin yíyin olówó sì pọ̀ ju orin ìmọ̀ràn lọ nígbà mìíràn.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ tún wà níbẹ̀. Títí di ọdún 1992, ìjọba nìkan ló ní àṣẹ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́. Orin Fẹlá Aníkúlápó-Kútì, tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri, kò rí àyè tó bẹ́ẹ̀ lórí amóhùnmáwòrán ìjọba ní àwọn ọdún 1970 nítorí ohun tó ń sọ. Àwọn abúlé tí kò ní iná mànàmáná kò sì rí púpọ̀ nínú ohun tí àwọn ará ìlú ńlá ń rántí. Nítorí náà, ìrántí tó wà nílẹ̀ jẹ́ ti àwọn kan, kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn. Olùkọ́ tó mọ èyí yóò lè bi fídíò náà léèrè ohun tí kò fi hàn, bí ó ti ń gbádùn ohun tó fi hàn.

Ohun tí Olùkọ́ Lè Ṣe

Ọ̀pọ̀ fídíò àtijọ́ ni àwọn ènìyàn ti gbé sórí YouTube láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2005. Púpọ̀ wọn kò ní ọdún, kò ní orúkọ ìlú, kò ní orúkọ àwọn onílù. Iṣẹ́ wà níbẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́. Nínú kíláàsì, olùkọ́ lè kọ́kọ́ pa ohùn fídíò kan kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wo àwòrán nìkan, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀: ìjókòó tàbí ìdúró olórin, ibi tí onílù kọjú sí, aṣọ, ijó. Lẹ́yìn náà ni kí ó tan ohùn, kí wọ́n sì wo bí ohun tí wọ́n gbọ́ ṣe yí ìtumọ̀ ohun tí wọ́n rí padà.

Iṣẹ́ kejì ni fífi ọ̀rọ̀ wá àwọn àgbà lẹ́nu wò. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò, kò sí àdúgbò tí kò ti ní rí ẹni tó wo WNTV tàbí NTA àtijọ́. Kí ó béèrè olórin tí wọ́n rí, ilé ẹni tí wọ́n ti wò ó àti ohun tí àwọn òǹwòran sọ. Bí àgbà kò bá rántí ọdún, ìṣẹ̀lẹ̀ ńlá ni kí wọ́n fi ṣe ìwọ̀n: ṣé kí ọkọ̀ tó yí sí ọwọ́ ọ̀tún ní ọdún 1972 ni, àbí ìgbà FESTAC ọdún 1977, àbí ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ owó ní ọdún 1984? Ohun tí wọ́n bá kó jọ kò lè dípò àwòrán, ṣùgbọ́n fún eré tí wọ́n ti pa rẹ́, òun nìkan ni ẹ̀rí tó kù.

Iṣẹ́ kẹta ni ti kásẹ́ẹ̀tì. Òró ni kí wọ́n máa gbé e kalẹ̀, níbi tó gbẹ tí oòrùn kò dé, kí wọ́n sì kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí ara rẹ̀. Èyí tí èébu bá ti mú, kí wọ́n má ṣe tì í bọ inú ẹ̀rọ, kí ó má baà já. Ẹ̀ka tó bá ní kọ̀ǹpútà lè gba ẹ̀dà rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ̀dà náà sì ju ẹyọ kan lọ, pẹ̀lú àṣẹ ẹni tó ni iṣẹ́ bí òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọdún 2022 ti là á sílẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé fídíò orin àtijọ́ gbé apá kan ìṣeré Yorùbá tí àwo kò lè gbé, pé àjọwò ni ó sọ ọ́ di ilé-ẹ̀kọ́, àti pé àìtọ́jú fọ́nrán ti pa púpọ̀ nínú rẹ̀ rẹ́. Èyí tó sọnù ti sọnù. Èyí tó ṣẹ́kù wà nínú àpótí kásẹ́ẹ̀tì àti nínú orí àwọn àgbà, méjèèjì kò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni. Àárò lè sọ ẹnikẹ́ni láìní iṣẹ́ kankan nínú. Àfẹ́rí ni iṣẹ́ olùkọ́.